Ọ̀nà tó gun Ọlọ́sùnta

Tí ẹ bá kúrò l'Ádó-Èkìtì tí ẹ ń lọ sí Àkúrẹ́, ẹ ò lè ṣàìrí Ọlọ́sùnta ní Ìkẹ́rẹ́.
Àpáta ràgàjì! Ó kàn jókòó síbẹ̀ bí àgbà tó ń wo ọjà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbẹ̀ ni.
Gbogbo wa la ti ya fọ́tò rẹ̀ látinú mọ́tò.
Mélòó nínú wa ló ti gùn ún?

Ti òkè Ìdànrè yàtọ̀. Wọ́n ti mọ àtẹ̀gùn síbẹ̀, ó lé ní 600, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Kí ẹ ṣáà máa mí hẹlẹ-hẹlẹ lọ.
Òkè Ayọ̀ba l'Ádó ńkọ́? Ọ̀dà ni wọ́n tẹ́ dé ẹnu géètì Ilé Ìjọba. (Ìyẹn kì í ṣe gígun òkè, àbẹ̀wò ni.)

Àmọ́ lára àpáta lásán bíi Ọlọ́sùnta, ẹsẹ̀ ẹni tó mọ ibẹ̀ ni ọ̀nà.
Ẹ ò ní dojú kọ ọ́ gbọnrangandan. Ẹ ó máa fẹ̀gbẹ́ gùn ún, síhìn-ín sọ́hùn-ún.
Àwọn ojú ibi tó dúdú lára àpáta yẹn, ibẹ̀ lomi òjò máa ń gbà sọ̀kalẹ̀. Tó bá tutù báyìí, yíyọ̀ ni!
Ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù.

Àwọn ọdẹ, àwọn àgbẹ̀, àtàwọn tó ń bọ òkè náà lọ́dọọdún, àwọn ló ni ìmọ̀ yìí. Google Maps ò lè kọ́ yín.

Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ mọ àtẹ̀gùn sí Ọlọ́sùnta lọ́la, ṣé ẹ máa fara mọ́ ọn?
Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́, apá ibo lẹ ti máa ń gùn ún ní tiyín?