Ààbò Ta Ni?

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Olùkọ́ èdè ni mí, ṣùgbọ́n ìdí kọ́ìlì iná ni òwe yìí ti túbọ̀ yé mi. Ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ wa ń ṣe kọ́ìlì alágbára, irú èyí tí Nikola Tesla gbé jáde ní 1891: wáyà bàbà tín-ín-rín tí a wé ní ọ̀pọ̀ ìgbà mọ́ ara páìpù oníke. Mo ní kí àwọn ọmọ náà kọ àròkọ ajẹmọ́-ìṣípayá lórí ohun tí ó yẹ kí a fi kun wáyà náà.

Kí a tó yan ohun kíkùn, ó yẹ kí a mọ ọ̀tá tí à ń lé. Afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ni. Nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, nǹkan bí 30,000 fólítì ni iná fi ń fò kọjá àlàfo sẹ̀ǹtímítà 1. Bí ọ̀rinrin bá wà lára páìpù, ọ̀nà ẹ̀bùrú dé fún un nìyẹn.

Ọ̀dà dúdú àti ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà dára lójú, ṣùgbọ́n lúbúlúbú èédú tàbí ti alumíníọ́mù lè wà nínú wọn, iná a sì máa gba ara méjèèjì kọjá. Gọ́ọ̀mù fèrèsé tí ń rùn bí ọtí kíkan ní ásíìdì tí ń jẹ bàbà. Gọ́ọ̀mù epoxy, tí a ń po ohun méjì pọ̀ kí ó tó le, lágbára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá há sínú rẹ̀, ibẹ̀ ni iná yóò ti máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Fáníìṣì polyurethane tí a fi ń kun pákó ni àwọn ọmọ mú. Wọ́n kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ń jẹ́ kí ti ìṣáájú gbẹ kí wọ́n tó tún un kùn.

Nínú àròkọ wọn, “ọ̀dà ààbò” ni ọ̀pọ̀ pe fáníìṣì náà. Ọmọbìnrin kan wá kádìí tirẹ̀ pé, bí a bá ti kùn ún tán, ọwọ́ lè kàn án láìséwu. Àyà mi já. Gbólóhùn náà kò ní àbùkù gírámà, ṣùgbọ́n ikú ń bẹ nínú rẹ̀. Fáníìṣì ń dáàbò bo wáyà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́; kò dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ wáyà. Iná tí ń fò kọjá afẹ́fẹ́, kí ni fáníìṣì tí ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà yóò fi dá a dúró? Mo pe olùkọ́ físíìsì, òun náà sì tún un sọ fún gbogbo wọn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ kọ́ìlì náà àfi bí olùkọ́ bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná, tí ó sì ti tú agbára tí ó ṣẹ́kù nínú ẹ̀rọ náà dànù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, bí ẹ bá kọ “ààbò” sínú àròkọ, ẹ dáhùn ìbéèrè méjì: ta ni à ń dáàbò bò, lọ́wọ́ kí ni? Ọmọbìnrin náà ti tún tirẹ̀ kọ. “Ohun ìdáàbòbo wáyà” ni ó pè é, ó sì fi kún un pé kí ọwọ́ jìnnà sí i.