Ẹ̀rọ Tí Ń Ṣọ́ Ewéko àti Bàbá Tí Ń Tọ́jú Ọgbà

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ ọmọ, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹ bá wa gbọ́ sí i, nítorí ó lè kan oko tàbí àgbàlá tiyín lọ́la.

Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ fẹ́ ra ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ewéko fún ọgbà igi àti ewé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní bí ẹ̀rọ bá ti dé, kí Bàbá tí ń tọ́jú ọgbà náà máa lọ sílé, kí a máa fi owó oṣù rẹ̀ san owó ẹ̀rọ. Èmi kò fara mọ́ ọn, ìdí rẹ̀ sì nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ẹnu irin méjì tí a ń kì bọ ilẹ̀ lẹ́bàá gbòǹgbò. Ilẹ̀ tó tutù a máa gba agbára iná mànàmáná sára ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ. Ìyàtọ̀ yìí ni ẹ̀rọ ń wọ̀n tí ó fi ń mọ bí omi ti pọ̀ tó. Òmíràn ń wọn ooru, òmíràn ìmọ́lẹ̀, òmíràn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń fi iye tí wọ́n rí ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, láìsí okùn, bí rédíò. Nígbà tí ojú wa yóò fi rí i pé ewé rọ, ìyà ti ń jẹ gbòǹgbò. Ẹ̀rọ a máa kígbe kí ó tó dé bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù, mo fojú ara mi rí i ní ọgbà ewéko ńlá tí wọ́n ń pè ní Kew. Ilé gíláàsì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1987, tí wọ́n fi orúkọ Princess of Wales pè. Oríṣi ojú ọjọ́ 10 ni ó wà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, láti ti aṣálẹ̀ títí dé ti igbó kìjikìji, kọ̀ǹpútà ni ó sì ń ṣàkóso wọn. Mo wọ ẹnu ọ̀nà kan, ó gbẹ bí ìgbà ọyẹ́; mo ṣí òmíràn, ooru àti ọ̀rinrin bò mí bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní ilé wa.

Ìtàn òṣíbàtà kékeré kan tí ọgbà Kew tọ́jú ni ó mú mi ronú jù. Òṣíbàtà tí àwa mọ̀ a máa fẹ ewé bí àwo. Ewé èyí lè máà ju èékánná lọ. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Eberhard Fischer, ni ó rí i ní 1987 létí ìsun omi gbígbóná kan ní Rwanda. Nígbà tí wọ́n darí omi náà gba ibòmíràn, ibẹ̀ gbẹ, nígbà tí ó sì fi di 2008, a kò rí i níbẹ̀ mọ́. Àwọn ará Jámánì tí wọ́n ní ìwọ̀nba tí ó kù fi irúgbìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kew. Bí ó ti ń hù ni ó ń kú. Abẹ́ omi ni àwọn òṣíbàtà yòókù ti ń bẹ̀rẹ̀ ayé wọn, abẹ́ omi náà ni wọ́n sì ń gbin èyí sí. Bí a bá wọn ooru omi náà nígbà ọgọ́rùn-ún, kò lè gbà á là.

Carlos Magdalena, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, padà lọ wo àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n ti rí i, ó sì kíyè sí i pé inú ẹrẹ̀ létí omi ni ó ń hù. Ó wòye pé afẹ́fẹ́ tí àwa ènìyàn ń mí jáde, tí ewéko fi ń ṣe oúnjẹ, ni ó ń wá. Ó gbìn ín sínú ìkòkò kékeré, ó jẹ́ kí omi dọ́gba pẹ̀lú ojú ilẹ̀, ó fi ooru rẹ̀ sí ìwọ̀n 25 Celsius. Kí 2009 tó parí, òṣíbàtà tanná! Ní oṣù kìíní 2014, olè wọ ilé gíláàsì náà, ó jí ọ̀kan lọ. Ẹ̀rọ tí ń wọn ooru kò ké mọ́ olè. Ní 2023 ni wọ́n tó tún rí i ní Rwanda.

Ohun tí mo rí fà yọ ni pé ìbéèrè tí a bá bi ẹ̀rọ ni yóò dáhùn. Ẹni tí ó mọ ewéko ni yóò mọ ìbéèrè tí a kò tíì bi. Ní ọdún tó kọjá, ewé àwọn ọmọ igi ìrókò wa ń pọ́n, olúkúlùkù ń sọ tirẹ̀. Bàbá fi ọkọ́ tú ìdí ọ̀kan: ikán ti kún gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ̀rọ ì bá sọ fún wa pé omi tó, òótọ́ ni ì bá sì sọ, igi ì bá sì kú.

Síbẹ̀, Bàbá náà ń sùn lóru, ó sì ti ń dàgbà. Ọjọ́ tí ó bá lọ, gbogbo ohun tí ó mọ̀ yóò bá a lọ. Nítorí náà mo dá a lábàá fún ìgbìmọ̀ pé kí a ra ẹ̀rọ, kí a fi Bàbá sí ipò rẹ̀, kí a sì yan akẹ́kọ̀ọ́ kan tí yóò máa kọ iye tí ẹ̀rọ wọ̀n sínú ìwé lójoojúmọ́, kí ó sì kọ ohun tí Bàbá bá rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọn kò tíì fẹnu kò.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀ fún oko, ẹ bèèrè ohun tí ó ń wọ̀n àti ohun tí kò lè wọ̀n kí ẹ tó sanwó. Ẹ má ṣe kì í bọ ibì kan ṣoṣo, nítorí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ kì í gbẹ bí ti òkè. Ẹ má sì lé ẹni tí ó mọ oko yín lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.