Ọ̀já Àyà fún Tanímọ̀la

Ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, ajá kì í sábà bá ènìyàn rìn lórí okùn. Ajá ọ̀pọ̀ ilé a jí, a na ara, a gba ẹ̀yìnkùlé jáde, kò sì ní padà wálé àfi tí ebi bá ń pa á. Ajá ọdẹ ní tirẹ̀ a máa ní ṣaworo lọ́rùn, kì í ṣe kí wọ́n lè fi fà á, bí kò ṣe kí olówó rẹ̀ lè gbọ́ ibi tó gbà nínú igbó. Okùn, lójú ọ̀pọ̀ àgbà ibí, wà fún ewúrẹ́ tí à ń mú lọ sọ́jà, tàbí fún ajá tí à ń mú lọ síbi tí kò ti ní í padà. Ẹ lè wá mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń dúró wò nígbà tí bàbá mi, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, bẹ̀rẹ̀ sí í mú bulldog rìn lójú títì ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni ajá náà. Èkó ló ti ń sìn ín kí ó tó kó lọ sí Kánádà ní ọdún 2023. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í fẹ́ gbé ajá onímú kúkúrú, nítorí pé ooru àti ìnira ìrìnàjò lè sé èémí mọ́ irú wọn nínú. Bí ajá ṣe dé ilé bàbá wa nìyẹn. Ó gbé orúkọ òyìnbó kan bọ̀ láti Èkó, ṣùgbọ́n bàbá mi kò fi orúkọ náà pè é rí. Tanímọ̀la ni ó sọ ọ́. Àwọn baba wa mọ bí a ti ń fi orúkọ ajá ránṣẹ́ sí aládùúgbò: ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pe ajá rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá ẹlòmíràn sọ ló ń sọ. N kò rí aládùúgbò kankan tí bàbá mi ní í bá wí. Ọdún tó ṣáájú èyí ni ìyá wa papò dà, ọkàn mi sì sọ fún mi pé ara rẹ̀ ni bàbá ń fi orúkọ náà bá sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ tí ìyá wa ti lọ, bàbá kò jáde mọ́ bí kò ṣe ọjọ́ ìsinmi. Ajá yìí ló mú un jáde. Ó ń rìn dé ìyànà, ó ń kí àwọn tó ń sun àgbàdo, ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fàsítì jiyàn. (Ẹ̀ka tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọyẹ́-Èkìtì fi sí Ìkọ̀lé ni àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹnjiníà wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá fàsítì náà sílẹ̀ ní ọdún 2011 ni àríyànjiyàn kò ti wọ́n wa.) Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà a máa ya fọ́tò pẹ̀lú Tanímọ̀la, bàbá a sì máa rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n Tanímọ̀la ń fa okùn. Kílò 26 ni, ara rẹ̀ sún mọ́lẹ̀, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ọpọ́n. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ sin irú ajá yìí, akọ màlúù ni wọ́n ń fi wọ́n bá jà fún ìran wíwò, títí òfin fi dá eré burúkú náà dúró níbẹ̀ ní ọdún 1835. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sin ìbínú kúrò lára rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ọ̀rẹ́ ọmọdé. Agbára ọrùn àti ti èjìká kò bá ìbínú lọ. Ẹni tó mú okùn rẹ̀ sì ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Ní oṣù kejì ọdún 2024 ni ó rí agbo ewúrẹ́ kan lẹ́bàá títì, tó ta kútú, tí bàbá sì fi orúnkún gúnlẹ̀. Ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ ló rọra yà fún un. A gbé e lọ ya fọ́tò egungun ní Ìdó-Èkìtì, egungun kò sì ṣẹ́. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé orí WhatsApp ẹbí. Màmá Ọyẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ní kí wọ́n mú ẹranko náà kúrò nílé kíá. Ẹ̀gbọ́n mi ní Kánádà dákẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọkùnrin kan tó ń ra ajá fún ẹran ti wá kan ìlẹ̀kùn, ó ní òun gbọ́ pé àwa ní ajá tó sanra tí a fẹ́ tà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí n fi ojú àlejò sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹran ajá kì í ṣe èèwọ̀ fún gbogbo ènìyàn lágbègbè wa. Ìrè-Èkìtì, tí a fi ń ki Ògún ní Onírè, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọyẹ́, kò sì jìnnà sí wa rárá. Ajá ni oúnjẹ Ògún, ẹni tó bá sì ń bọ ọ́ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìrìn ìrọ̀lẹ́ bàbá mi ni wọ́n wá dá lówó yẹn. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé kí ó máa lọ ní tirẹ̀. Mo bẹ Màmá Ọyẹ́ pé kí wọ́n fún mi ní oṣù méjì. Wọ́n ní, "Oṣù méjì náà nìyí o. Bí ó bá tún ṣubú, ìwọ ni n ó dì mú."

Bẹ́líìtì ọrùn ni Tanímọ̀la gbé wá láti Èkó. Nígbàkígbà tó bá fà á, ohùn kan a máa jáde láti ọ̀fun rẹ̀ bí ẹni tó ń fa omi tó kù nísàlẹ̀ ìgò. Dókítà ẹranko tí mo lọ bá ní Adó-Èkìtì la ẹnu ajá náà, ó sì fi inú rẹ̀ hàn mí. Ó ní nígbà tí wọ́n ń sin irú ajá yìí kí imú rẹ̀ lè kúrú, egungun ni ó kúrú, ẹran inú rẹ̀ kò dín kù. Àjà ẹnu rírọ̀ tó wà lẹ́yìn gùn jù fún àyè rẹ̀, ó ń wọ́ bo ojú ọ̀nà ọ̀fun. Ihò imú há, ọ̀nà èémí fúnra rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Mímí hẹlẹhẹlẹ sì ni ajá fi ń tu ara rẹ̀ lára nínú ooru. Bí ẹ bá tún wá fún irú ọ̀fun bẹ́ẹ̀ ní bẹ́líìtì, ó lè dákú mọ́ yín lọ́wọ́ ní ọ̀sán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹnìkan ti gbà wá nímọ̀ràn ṣéènì tí ń fún ajá lọ́rùn bó bá ti ń fà. Dókítà kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ náà parí. Ó fi kún un pé ọrùn bulldog fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó orí rẹ̀, nítorí náà ọjọ́ tó bá fà sẹ́yìn, bẹ́líìtì náà lè yọ gba orí jáde. Ní ti ìjánu tí wọ́n ń fi sí imú ajá onímú gígùn, imú wo ni a óò fi í kọ́?

Ọ̀já àyà ló kù. Mo rò pé ìṣòro ti tán, àfi ìgbà tí mo rí i pé oríṣìíríṣìí ni. Èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní òrùka irin lẹ́yìn, láàárín èjìká méjèèjì. Ó rọrùn láti wọ̀, kì í sì í kan ọ̀fun. Àmọ́ ẹ rò ó wò: ní àríwá ayé, níbi tí yìnyín wà, lẹ́yìn náà ni wọ́n ti ń so okùn mọ́ ọ̀já ajá tó ń fa ẹrù. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ ni ajá lè fi sínú ọ̀já bẹ́ẹ̀ láìní ìnira. Fún ajá tí kì í fà, ó dára púpọ̀. Fún Tanímọ̀la, bí ìgbà tí a fún akọ màlúù ní àjàgà ni.

Èyí tí mo wá kiri ni èyí tí òrùka rẹ̀ wà níwájú, lórí igẹ̀. Bí ajá bá já lọ síwájú, okùn tó wà ní igẹ̀ ni yóò yí i lápá kan, tí ojú rẹ̀ yóò fi padà sọ́dọ̀ ẹni tó mú un. Kì í fa ìrora, agbára ni kò ní í rí fi lé ilẹ̀ mọ́. Ó ní àbùkù tirẹ̀: okùn a máa bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ iwájú, àwọn mìíràn sì ń bó ajá lábíyá. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ṣe láti máa fún abẹ́ abíyá pọ̀ bí ajá bá ti ń fà. Èmi kò rí ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti ṣéènì ọrùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀já tí awẹ́ rẹ̀ gba iwájú èjìká kọjá gbọọrọ ń dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tó ya bí pàǹtí igi, tó fi èjìká méjèèjì sílẹ̀ tó sì sọ̀ kalẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ iwájú, ni kí ẹ wá.

Ẹni tó ń tajà ní Èkó bi mí ní kílò ajá, ó ní òun mọ nọ́ḿbà rẹ̀. Kílò kò sọ nǹkan kan nípa bulldog. Mo gbé téèpù télọ̀ wá: ìdí ọrùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 52, àyà rẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú jẹ́ 76, lẹ́yìn èyí ikùn rẹ̀ tún kéré sí àyà, tí ọ̀já lè fi yọ̀ sẹ́yìn. Èyí tó gba àyà rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ṣí gbàgà. Èyí tó bá ọrùn mu kò kan àyà dé. Iye tí wọ́n sì dá lé àwọn èyí tó ṣeé tún fún níbi mẹ́rin ya bàbá mi lẹ́nu débi tó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

Aránbàtà kan wà ní ọ̀nà ọjà wa tí òun náà ń tún báàgì ṣe. Mo ya àwòrán ọ̀já náà sórí ìwé fún un. Ó wò ó títí, ó ní, "Àǹtí, ṣé ilé-ìwé ni ajá yín fẹ́ máa lọ ni?" Ṣùgbọ́n ó ṣe é. Okùn pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe apá báàgì ni ó lò, ó fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀ níbi tó máa kan abíyá, ó sì fi aṣọ rírọ̀ bò ó. Òrùka méjì ni mo ní kó fi sí i, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí a lè ní ibi tí a óò máa so okùn mọ́ nígbà tí fífà bá dópin. Irin ìdè mẹ́rin ló wà lára rẹ̀ fún fífún àti dídẹ̀. Nígbà tí bàbá rí i, ó ka àwọn irin náà, ó ní Ògún ti gba tirẹ̀ lára ajá yìí láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ìka méjì ló gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọ̀já níbi gbogbo. Bí ìka mẹ́ta bá wọ̀ ọ́, ajá lè yọ. Bí ọ̀kan ló bá wọ̀ ọ́, yóò bó o lára.

Ọ̀já nìkan kò kọ́ ajá ní ìrìn o, ẹ má ṣe jẹ́ kí òǹtajà kankan purọ́ fún yín. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni èmi fúnra mi fi mú un rìn kí n tó gbé okùn lé bàbá lọ́wọ́. Bí okùn bá le, mo dúró bí igi. Bí ó bá dẹ̀, a tún rìn, mo sì fún un ní ẹ̀dọ̀ adìẹ tí mo sè láìfi iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà sí i, nítorí májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún ajá. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a kò kọjá ilé kẹta. Àwọn ọmọdé àdúgbò ní ajá náà ló ń kọ́ mi ní ìdúró.

A ń jáde kí oòrùn tó mú, tàbí lẹ́yìn tó bá ti rọlẹ̀. Bí ẹ̀yìn ọwọ́ mi kò bá lè dúró lórí ọ̀dà títì fún ìṣẹ́jú-àáyá méje, a padà sílé. Mo fi káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi rẹ̀ sínú àpò mi, nítorí ẹ̀rù tó ń ba àwọn ènìyàn tí wọ́n bá pàdé rẹ̀ kì í ṣe asán. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni àrùn náà ń pa lọ́dọọdún, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, a ń bọ́ ọ̀já kúrò, a ń nu abẹ́ rẹ̀ àti àárín ìṣẹ́po ara rẹ̀ gbẹ. Ọ̀rinrin tètè ń di egbò lára bulldog.

Nígbà tí oṣù méjì pé, Màmá Ọyẹ́ wọ ọkọ̀ wá fúnra wọn. Wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wo bàbá mi títí ó fi rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sun àgbàdo. Ewúrẹ́ méjì kọjá. Tanímọ̀la sáré ìṣísẹ̀ méjì, okùn igẹ̀ yí i padà, ó sì wo ojú bàbá. Màmá Ọyẹ́ kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n kàn béèrè bóyá aránbàtà yẹn lè bá àwọn náà tún báàgì wọn ṣe.

Nígbà òjò, ọ̀já kan kì í tètè gbẹ. A ti ní kí ó rán èkejì. Bàbá ní dúdú ni òun fẹ́, kí ó lè bá bàtà òun mu.