Láti Ògùdù dé Oníkàn, Láti Oníkàn dé Ìkẹ́nnẹ́

Ní Ògùdù tí èmi ń gbé, bí ó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ti wọ pápá, kò sí àdúgbò kan, ìbáà ṣe ti àwọn ọlọ́rọ̀ ní GRA tàbí ti àwa mẹ̀kúnnù tí ògiri ilé wa fara ti ara, tí a kì í ti í gbọ́ ariwo góòlù láti inú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ tí a bí sí Kòṣọ́fẹ́, tí wọn kò tí ì wọ ọkọ̀ òfuurufú rí láyé wọn, yóò máa torí Arsenal àti Chelsea bú ara wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ní ti bọ́ọ̀lù, ó pẹ́ tí ìlẹ̀kẹ̀ Èkó ti wà ní ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fi pinnu pé n óò rin ìrìn àjò lọ wo ẹgbẹ́ kan tí í ṣe ti Èkó gan-an, tí n óò sì lọ wò ó ní àkókò tí ojú ń pọ́n ọn, nítorí pé ẹgbẹ́ tí ń borí kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti fẹ́ràn.

Sporting Lagos ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Ọdún 2022 ni Ọ̀gbẹ́ni Shola Akinlade, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó dá ilé-iṣẹ́ Paystack sílẹ̀, gbé e kalẹ̀. Kò tí ì pé ọdún méjì tí a fi rí i tí ó jáde kúrò nínú líìgì kejì ní 2023, òun àti Heartland ti Òwérì, Katsina United àti Kano Pillars, tí wọ́n jọ gòkè lọ sí líìgì àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà, níbi tí ogún ẹgbẹ́ ti ń bá ara wọn fà á nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, tí mẹ́rin tí ó bá gbẹ̀yìn sì gbọ́dọ̀ padà sí ibi tí wọ́n ti wá. Inú àwa ará Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, dùn púpọ̀ nígbà náà, nítorí pé ìlú tí ó tóbi tó tiwa yìí, tí owó inú rẹ̀ pọ̀, tí ọmọ eléré ìdárayá sì kún gbogbo ìgbèríko rẹ̀, ti wà láìní ẹgbẹ́ kan tí ó lè pè ní tirẹ̀ láàárín àwọn àgbà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni mo gbéra, nígbà tí ìgbà kò rọgbọ fún ẹgbẹ́ náà mọ́. Mo dúró ní ibùdókọ̀ Ògùdù títí dánfó kan tí ń bọ̀ láti Ọ̀jọ́tà fi dé, tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ rẹ̀ so mọ́ ẹnu ọ̀nà tí ó ń kígbe pé, “Òbáléńdé! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!” Àkókò náà ni Ìjọba Àpapọ̀ ń tún ojú ọ̀nà Afárá Kẹta ṣe, afárá tí a parí ní 1990, tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, nítorí náà, bí a ti kọjá Ọ̀wọ̀rọ̀ńṣòkí tí a gun orí omi, ìrìn wa di ti ìgbín. Ẹni tí kò bá bínú sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yóò rí nǹkan wò níbẹ̀: àwọn apẹja tí wọ́n ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ wọn lórí ọ̀sà, ilé ẹ̀kọ́ gíga Yunifásítì Èkó tí ó dojú kọ omi, àwọn ilé Mákòókò tí wọ́n fi igi ṣe ẹsẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Òkòbàbá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó tì mí bi mí pé, “Dádì, ibo lẹ̀ ń lọ?” Nígbà tí mo wí fún un pé bọ́ọ̀lù ni mo ń lọ wò ní Oníkàn, ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, “Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń nà yẹn? Dádì, ẹ kúkú dúró sílé kí ẹ wo Man City.” Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá wọn rín in.

Pápá ìṣeré Oníkàn kì í ṣe ọmọdé. Orúkọ Ọba George Karùn-ún ni àwọn òyìnbó fi pè é ní ayé ìjọba wọn; lẹ́yìn tí a tún un kọ́ ni a fi orúkọ Mobọ́lájí Johnson dá a lọ́lá, ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó. Nígbà tí mo wọlé, eré ti bẹ̀rẹ̀, orin ń dún, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wọ jẹ́sì ẹgbẹ́ wọn ń jó lórí ìjókòó bí ẹni pé àwọn ni ó wà ní òkè téńté tábìlì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ inú pápá kò ṣe ọ̀lẹ: wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ara wọn létí ilẹ̀, wọ́n ń yí àlejò ká, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ẹnu ilé góòlù, ojora yóò mú ẹsẹ̀. Èyí ni àrùn ẹgbẹ́ tí ń fìdí rẹmi níbi gbogbo: ohun tí ọmọ ń ṣe láìronú nígbà tí nǹkan ń dára, ìgbà tí ojú bá pọ́n, ó di ohun tí ó gbọ́dọ̀ rò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó ṣe é, bọ́ọ̀lù kò sì ní sùúrù láti dúró de èrò kejì. Èsì ọjọ́ náà kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Bàbá arúgbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí kò pariwo, tí kò sì jó. Mo kí i, mo ní, “Ẹ kú ìkàlẹ̀, Bàbá.” Ó dáhùn pé, “Wòó, àbúrò mi, ibi tí o jókòó sí yìí ni a máa ń jókòó wo Stores.” Stationery Stores ni ó ń wí, ẹgbẹ́ tí Olóyè Israel Adébájọ̀ dá sílẹ̀, tí ó gba ife-ẹ̀yẹ Challenge Cup ní 1967, tí ó tún gbà á ní 1968, tí Haruna Ilerika fi bọ́ọ̀lù dárà fún títí orúkọ rẹ̀ fi di orin lẹ́nu tọmọdé tàgbà ní Èkó. Mo bi í léèrè bóyá ìfìdírẹmi ni ó pa Stores. Bàbá mi orí. “Rárá o. Líìgì ni wọ́n gbà ní 1992. Adé wà lórí rẹ̀ nígbà tí àìsàn ń jẹ ẹ́ nínú. Ta ni ó ni ín, ta ni kò ni ín, èyí ni wọ́n ń fà títí ẹgbẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn.”

Ọ̀rọ̀ Bàbá yìí ni mo gbé dání padà sórí afárá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn akọni tí wọ́n ti rè é. Leventis United ti Ìbàdàn gba líìgì ní 1986, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi tú u ká. Julius Berger ti Èkó gbà á ní 1991, ó tún gbà á ní 2000. Lónìí, ọmọ ogún ọdún kan kò lè sọ ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ tiwa nìkan. Lọ́ńdọ́ọ̀nù, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí jaburata, rí irú rẹ̀: ní 1991 ni àwọn ará Amẹ́ríkà gbé bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń gbé sí abíyá sáré tí wọ́n sì ń forí sọ ara wọn, kọjá òkun, tí wọ́n dá London Monarchs sílẹ̀. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10 ti sáà àkọ́kọ́, mẹ́sàn-án ni Monarchs borí, wọ́n sì na ẹgbẹ́ Barcelona ní 21 sí òdo láti gba ife-ẹ̀yẹ ní Wembley lójú 61,108 ènìyàn. Ní ọdún kejì, méjì péré ni wọ́n borí, wọ́n ta ọ̀mì kan, wọ́n sì fìdí rẹmi nígbà méje. Líìgì náà dáwọ́ dúró, ó padà ní 1995, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èrò ìjọ́sí kò bá a padà; nígbà tí ọdún 1998 fi máa parí, Monarchs ti di ìtàn, wọ́n sì fi àyè wọn fún ìlú Bẹ̀líìnì. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ní Amẹ́ríkà gan-an, ẹgbẹ́ tí ó gbẹ̀yìn kì í já wálẹ̀. Láti 1936 ni òfin wọn ti fi í sí iwájú láti kọ́kọ́ yan nínú àwọn ọ̀dọ́ tuntun, kí ó lè gbérí. Òfin tiwa le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí ó bá ṣubú, a óò tún ti í.

A sì ti Sporting Lagos. Nígbà tí sáà parí ní oṣù kẹfà ọdún 2024, tí Rangers ti Enugu gbé ife-ẹ̀yẹ, Sporting Lagos wà lára àwọn mẹ́rin tí ó já wálẹ̀, òun àti Doma United àti Gombe United àti Heartland. Méjì nínú àwọn mẹ́rin tí ó gòkè ní èṣí kò lò ju sáà kan lọ lókè. Ọ̀gá ẹgbẹ́ náà ti ra apá tí ó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ Aarhus Fremad ti ilẹ̀ Dẹ́ńmákì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, àwọn kan sì ń sọ ọ́ kiri Èkó pé ojú rẹ̀ ti kúrò nílé. Èmi kò bá wọn dá sí i, nítorí pé mo mọ ọkùnrin kan tí ìtàn rẹ̀ jọ èyí.

Nígbà tí ọdún yí po, mo tún gbéra, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni mo kọ sí ọ̀sà lọ́tẹ̀ yìí: láti Ògùdù dé Alápẹ́rẹ, láti Alápẹ́rẹ dé Kétu, mo wọ ọkọ̀ tí ó gba Berger jáde sí ọ̀nà Ìbàdàn, a kọjá Ìbàfò àti Mowé, a sì yà ní Ṣàgámù títí a fi dé Ìkẹ́nnẹ́, ìlú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ilé àwọn Remo Stars ni mo bá lọ. Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé Sónámẹ̀ẹ́, tí ó ti ṣe alága ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè Ìkòsí-Ìṣẹrí, ní Kòṣọ́fẹ́ tiwa níhìn-ín, ni ó dá a sílẹ̀ ní Èkó ní 2004, tí ó sì kó o lọ sí Rẹ́mọ ní 2010. Ní 2015, òun náà ra Feirense ti ilẹ̀ Pọtogí. Ní 2017, Remo Stars gbé ẹ̀yìn lọ sí líìgì kejì, òun àti Shooting Stars ti Ìbàdàn tí a ń fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù ba ẹgbẹ́ gbogbo nígbà kan rí. Ojú wọn rí tó lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n Sónámẹ̀ẹ́ kò ta ilé, kò tú ẹgbẹ́ ká. Wọ́n kọ́ pápá tiwọn, wọ́n ń tọ́ àwọn ọmọ kéékèèké dàgbà ní ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Beyond Limits. Ọdún 2021 ni Remo àti Shooting Stars jọ gòkè padà. Remo ṣe ipò kejì ní 2023, ó tún ṣe ipò kejì ní 2024, àwọn ẹlẹ́yà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé igbákejì ni Olúwa dá a. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, lábẹ́ kóòṣì Daniel Ogunmodede, ó gba líìgì, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yorùbá àkọ́kọ́ tí yóò gbà á láti ìgbà Julius Berger ní 2000.

Obìnrin kan tí ń ta omi tútù ní ẹnu ọ̀nà pápá náà kò jẹ́ kí n lọ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, nígbà tí wọ́n ń nà wọ́n, àwa ń tà díẹ̀díẹ̀, àwa ń bọ̀. Àwọn tí ó dé lánàá ni ó ń pariwo jù.”

Mo ronú sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn láti mọ ohun tí ó kọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ọmọdé ni Sporting Lagos nínú bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ìwà àgbà ni ìṣubú rẹ̀ ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Àwa náà sì ní ipa tiwa. Ife-ẹ̀yẹ kò dáàbò bo Stores, kò gba Leventis, kò sì yọ Julius Berger. Ìfìdírẹmi kò sì pa Remo. Ikorodu City ti gòkè ní 2024 láti di ojú àlàfo náà, èyí sì dára. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ kan kò ṣe é fi rọ́pò òmíràn bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ, nítorí pé a kò lè fẹ́ràn èyí tí a kò bá jìyà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé Ògùdù, tí ó sì ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ilé ìwòran nítorí àwọn ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kí ó mọ̀ pé afárá kan ṣoṣo ni ó wà láàárín òun àti Oníkàn, àti pé ìgbà tí ẹgbẹ́ Èkó wà ní líìgì kejì, tí kò sí ẹni tí ń gbóríyìn fún un, ni owó ìwọlé tirẹ̀ níye lórí jù lọ.