Àṣìṣe Tí Kì Í Ṣe Ti Àbúrò Mi

Aago méjìlá òru ti lù kí àbúrò mi tó kan ilẹ̀kùn yàrá mi. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ bá mi wo nǹkan yìí." Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ Yorùbá, kí ni mo fẹ́ wò nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà? Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní òun ń rò ó láti fi ẹ̀ka náà sílẹ̀, pé ó dà bí ẹni pé orí òun kò gbà á.

Kí n má purọ́, ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ni èmi fúnra mi sọ fún un pé fóònù ni kò jẹ́ kí ó kàwé.

Iṣẹ́ náà kò ju ogún ìlà lọ, ó sì dà á kọ lẹ́tà sí lẹ́tà láti inú handout wọn. Compiler, ìyẹn ètò tí ó ń túmọ̀ ohun tí ènìyàn kọ sí èdè tí ẹ̀rọ lè mú lò, kọ̀ ọ́ láti ìlà kìn-ín-ní. Ó ní kò sí fáìlì tí ń jẹ́ iostream.h. A wo handout, a wo ojú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan náà ni.

Mo ti rí irú èyí rí. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, mo fa ọ̀rọ̀ yọ láti inú ìwé àtijọ́ kan tí ó kọ "aiye" àti "enia", olùkọ́ mi sì fi bírò pupa yí wọn ká. Ìwé náà kò ṣì í kọ. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ṣáájú àkọtọ́ ọdún 1974 ni. Ni mo bá bi àbúrò mi pé, "Compiler wo ni wọ́n kọ síwájú handout yìí?" Turbo C++ 3.0 ni. Ọdún 1991 ni ó jáde. Wọn kò tíì bí i nígbà náà. Ọdún 1998 ni ìlànà àgbáyé àkọ́kọ́ fún èdè C++ tó wáyé, ìlànà yẹn ni ó sì sọ iostream.h di iostream lásán. Ètò bíìtì 16 ni Turbo C++, Windows oníbíìtì 64 tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í gbà á wọlé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi fún un ní GCC, compiler òde òní.

A yọ ".h" kúrò, a kọ "using namespace std" sí i, a sọ "void main" di "int main". A tún yọ conio.h, pẹ̀lú clrscr àti getch tí ó ń tinú rẹ̀ wá. Bí a ti ń yanjú ọ̀kan ni òmíràn ń yọjú. Aago méjì kọjá kí ó tó ṣiṣẹ́.

Factorial ni ètò náà ń ṣírò: ẹ sọ oókan di púpọ̀ ní ọ̀nà méjì, ní ọ̀nà mẹ́ta, títí dé iye tí ẹ bá fẹ́. Handout ní kí wọ́n má ṣe kọjá 7, kò sì sọ ìdí. Àbúrò mi tẹ 8, 40320 jáde. Lọ́jọ́ kejì, ó fi DOSBox, tí ó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà àtijọ́, gbé Turbo C++ dìde, ó sì tún tẹ 8. −25216! Owó tí à ń kà wá di gbèsè. Int ti ayé ọjọ́un kò lè kọjá 32767. Ti òde òní náà ní òpin tirẹ̀, 13 ni ó ń kọsẹ̀ sí.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ fóònù.

Ohun tí ó ṣì ń dùn mí ni pé ìlà méjì péré níwájú handout ìbá ti gba ọmọ yìí lọ́wọ́ ẹkún. Bẹ́ẹ̀, void main náà ni wọn yóò béèrè nínú ìdánwò. Àbúrò mi ti fa ìlà sí àárín ìwé rẹ̀. Apá òsì, ó kọ "ti ìdánwò" sí i. Apá ọ̀tún, kò tíì fún un lórúkọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ó ń kún jù.