Ẹni Tó Di Okùn Mú

Alápatà ni mí ní Ìpàta, n'Ílọrin níbí. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ bá mi gbé e síwájú àwọn èèyàn wa.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, ọmọṣẹ́ ni mí. A kóra jọ sídìí rédíò ọ̀gá mi. Nàìjíríà àti Algeria ló ń gbá a ní Surulere, l'Ékòó. Kí n tó fọ ọ̀bẹ tán, Odegbami ti gbá ọ̀kan wọlé. Ó tún gbá èkejì, Muda Lawal gbá ẹ̀kẹta. A gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́! Gbogbo wa ń pariwo "Odegbami! Lawal!" Ẹnìkan ò pe Christian Chukwu, balógun wọn, tó dúró lẹ́yìn bí ògiri, tí Algeria ò fi rí ẹyọ kan gbá wọlé.

Kí n má purọ́, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ nígbà náà. Rangers ti Enugu, tó ń ṣe balógun fún, ló lé Shooting Stars wa jáde lórí pẹnáritì ní Kaduna ní 1977. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọṣẹ́, ó mọṣẹ́.

Ní 2004, òun ló kó Super Eagles lọ sí Tunisia, wọ́n ṣe ipò kẹta. Ní 2019, àìsàn dá a wólẹ̀, owó ìtọ́jú wá di ohun tí wọ́n ń tọrọ kiri. Femi Otedola ló gbé dọ́là 50,000 kalẹ̀. Ó kú lọ́jọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 2025, lẹ́ni ọdún 74. Ìgbà yẹn ni gbogbo ẹnu wá ń yìn ín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tó ti dùn mí nìyí. Nídìí iṣẹ́ wa, ẹni tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ ni oníbàárà mọ̀. Ta ló ń béèrè ẹni tó di okùn màlúù mú? Bàbá kan di okùn fún mi fún ọdún 21. Bí ọwọ́ ẹ̀ bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ìwo màlúù á gba inú mi kọjá. Nígbà tí làkúrègbé dá a jókòó sílé, mo fi ẹran ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, mo bá gbàgbé ẹ̀. Ikú ẹ̀ ni mo gbọ́.

Níbi fídáù ẹ̀, mo náwó bí ẹlẹ́dà. Ọmọ ẹ̀ wò mí, ó ní, "Ẹ ṣé o, Àlàájì. Owó yìí ì bá ti ra oògùn." Mi ò rí èsì fọ̀.

Yìnnì yìnnì, kẹ́ni ó ṣe òmíì. Àwa mẹ́fà ti bẹ̀rẹ̀ àjọ kan báyìí. Gbogbo Jímọ̀ la ń dá owó sílẹ̀ fún àwọn tó ń di okùn mú. Ẹ̀yin aláta, ẹ̀yin télọ̀, ta ló ń di okùn mú fún tiyín? Ẹ wá a lọ lónìí, kó tó di fídáù.