Afẹ́fẹ́ Fẹ́, A Rí Fùrọ̀ Adìyẹ



Àwa mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Fún iṣẹ́ àkànṣe wa, a pinnu láti ṣe bàálù kékeré tí a óò máa fi rimóòtù darí láti ilẹ̀. A dá owó jọ. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ fi owó oúnjẹ rẹ̀ sí i. Fóòmù ni a gé ṣe ìyẹ́ rẹ̀, a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, a sì fi ẹ́ńjìnnì oníbátìrì sí i nímú.

Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kìn-ín-ní, a gbé e lọ sí pápá. Jos ni a wà, ìlú tó ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 1,000 mítà, tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà kì í wojú ẹnikẹ́ni. Bàálù gbéra, àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́. Ó kojú afẹ́fẹ́, ó ń lọ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a ti yí i padà tó kẹ́yìn sí afẹ́fẹ́, eré ló ń sá bí ẹni tí a ń lé. Ẹ̀rù bà wá. A dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, a fa imú rẹ̀ sókè. Ló bá dúró lófuurufú bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ó sì fi imú sọlẹ̀ gbì! Ìyẹ́ kan dá sí méjì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù kí olùkọ́ wa wá wò ó. Ẹni tó fi owó oúnjẹ sílẹ̀ kò bá wa sọ̀rọ̀ títí a fi dé yàrá.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwa náà wo ẹ̀yìn. A rí i pé bàálù kò mọ ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó yí i ká nìkan ló mọ̀. Bó bá ń sá eré 40 kìlómítà ní wákàtí kan, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ní 25, 15 péré ni ojú wa yóò rí bó bá kojú afẹ́fẹ́. Bó bá kẹ́yìn sí i, 65 ni. Lára ìyẹ́, 40 náà ni. Ojú wa ló tàn wá: eré tó gbé e dúró ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

A tún ìyẹ́ náà lẹ̀. A ń jí lọ sí pápá ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú ilẹ̀ gbóná, kí afẹ́fẹ́ tó le. A so aṣọ pupa mọ́ igi kí á lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. A ń kojú afẹ́fẹ́ gbéra, a ń kojú rẹ̀ balẹ̀, a kì í sì í tètè pa ẹ́ńjìnnì.

Lọ́jọ́ tí olùkọ́ dé, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gan-an. Ẹni tó fi owó oúnjẹ sílẹ̀ ni a fún ní rimóòtù. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n nígbà tí bàálù kẹ́yìn sí afẹ́fẹ́ tó ń sáré, kò dín agbára rẹ̀ kù. Ó gbé e balẹ̀ níwájú wa; bàálù tọ lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró.

Alẹ́ ọjọ́ náà, àwa mẹ́ta la ra oúnjẹ fún un.